Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Inú Ibùsùn Rẹ

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù ní Adó-Èkìtì, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń béèrè: Ó nípọn tó? Ó le tó? Èló ni jálẹ̀? Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú aṣọ yẹn la ń gbé ara lé ní gbogbo òru ayé wa. Oko àti igbó tó yí wa ká sì kún fún ohun tí a lè fi kì ibùsùn: òwú, àràbà, ìrè, eèpo ìrẹsì, ewé eéran. Díẹ̀ rèé lára ìyanu wọn, àti lára ìyanu àwọn tó wá láti òkèèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ti ń tẹ́ koríko sùn láti nǹkan bí 200,000 ọdún sẹ́yìn?

Nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Border Cave, ní ẹkùn KwaZulu-Natal ní orílẹ̀-èdè South Africa, Lyn Wadley àti àwọn onímọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ rí àṣẹ́kù koríko tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣe ibùsùn. Eérú ni wọ́n kọ́kọ́ dà sílẹ̀ kí wọ́n tó to koríko lé e, nítorí kòkòrò tó ń rákò kì í fẹ́ràn eérú. Ọdún 2020 ni ìròyìn náà jáde. Ní Sibudu, ihò àpáta mìíràn ní ẹkùn kan náà, ṣáájú 2020 ni wọ́n ti rí ibùsùn tó ti tó 77,000 ọdún: ewé igi kan tó ń lé kòkòrò ni wọ́n tẹ́ bo koríko rẹ̀ lójú. Nígbà tó yá, àwọn ará ibẹ̀ tún ń dáná sun ibùsùn tó ti gbó kí wọ́n tó tẹ́ tuntun. Ẹni tó bá rò pé ibi tó bá ti rẹ àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n kàn ń sùn sí, ìtàn kò gbè é lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ìnàkí inú igbó Ìsẹ̀-Èkìtì ń tẹ́ ibùsùn tuntun lálaalẹ́?

Igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ìnàkí á gun igi, á tẹ ẹ̀ka àti ewé wọnú ara wọn, á dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di gbére. Kì í sì í ṣe igi tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn tẹ̀ ló ń lò. Ìwádìí tó jáde ní 2014 láti Semliki ní Uganda fi hàn pé igi kan tó le, tí ẹ̀ka rẹ̀ dúró gírígírí, kò ju ìdá 9.6 nínú 100 igi ibẹ̀ lọ, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ìdá 73.6 nínú 100 ibùsùn àwọn ìnàkí wà.

Ti ìmọ́tótó ló tún yani lẹ́nu jù. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tó yẹ ibùsùn ìnàkí wò ní Tanzania rí i pé nǹkan bí ìdá 3.5 péré nínú 100 bakitéríà orí rẹ̀ ló ti ara ìnàkí fúnra rẹ̀ wá. Lórí ibùsùn àwa ènìyàn, nǹkan bí ìdá 35 ni. Ẹ̀rí nìyí pé kò sí ibùsùn tí yóò mọ́ títí bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ohun yòówù tó lè wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú òwú àràbà?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso àràbà ń gbó. Bí èso náà bá là, òwú funfun tó ń dán á yọ, atẹ́gùn á sì máa gbé e kiri àdúgbò. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣófo nínú bí igi ewé ìbẹ́pẹ̀. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ara rẹ̀, kì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́. Ìda yìí kan náà ló mú kó máa yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí ó fi ṣòro láti ran án ní fọ́nrán aṣọ. Ìdí nìyí tí òwú oko fi di ti aláṣọ, tí ti àràbà sì di ti ìrọ̀rí àti ibùsùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ gba sùúrù. Wọ́n á sá èso rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo, wọ́n á fa òwú jáde. Inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú, nítorí pé atẹ́gùn díẹ̀ ló ń wá tí yóò fi gbéra ńlẹ̀. Ẹni tó ń lù ú á fi aṣọ di imú. Bí ọ̀pá ti ń lọ tó ń bọ̀, kóró dúdú á máa jábọ́ sísàlẹ̀, òwú á máa wú sókè. Kóró náà gbọ́dọ̀ jáde tán pátápátá: epo wà nínú rẹ̀, èkúté kì í sì í ṣìnà ibi tí oúnjẹ bá wà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rọ òwú sínú àpò aṣọ tó nípọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn gún un já láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbi mélòó kan, kí òwú má baà wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Tógò àti ní Benin, ibùsùn òwú àràbà kì í ṣe ohun àjèjì. Tógò tilẹ̀ ń kó òwú náà ránṣẹ́ sí Yúróòpù láyé àwọn amúnisìn.

Ṣé o mọ̀ pé òwú inú ìrọ̀rí lè gba ẹni tó fẹ́ rì sómi là?

Nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti ìda ara rẹ̀, òwú àràbà lè gbé ohun tó wúwo tó ìlọ́po 30 ìwọ̀n ara rẹ̀ lójú omi. Láyé àtijọ́, òun ni wọ́n máa ń kì sínú ẹ̀wù tí àwọn atukọ̀ ń wọ̀ kí wọ́n má baà rì. Erékùṣù Java ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá nígbà náà. Nígbà tí Japan gba Java ní 1942, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà kò rí i rà mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ máa ṣa èso koríko kan tó ní oje funfun lẹ́bàá ọ̀nà, tí òwú rẹ̀ jọ ti àràbà. Wọ́n sọ fún wọn pé àpò èso méjì ń gba ẹ̀mí ológun kan là.

Ṣé o mọ̀ pé àràbà ti la òkun Atlantic kọjá kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀?

Igi yìí wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó wà nílẹ̀ Adúláwọ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá rẹ̀ wò, tí ìwádìí wọn jáde ní 2007, sọ pé láti ìhà Amẹ́ríkà ni ó ti wá, òkun ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Òru ni òdòdó rẹ̀ ń là, àdán sì ni alábàárò rẹ̀ tó ń gbé àtíkè òdòdó láti igi dé igi. Ó lè ga ju mítà 60 lọ. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò.

Ṣé o mọ̀ pé òwú àràbà kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná?

Afẹ́fẹ́ tó mú un fúyẹ́ náà ló ń bá iná ṣe ọ̀rẹ́. Ẹta iná kan tó, ó ti ràn. Ilé tí wọ́n bá ti ń tan àbẹ́là tàbí àtùpà lẹ́bàá ibùsùn nígbà tí kò bá sí iná mànàmáná, kí wọ́n ṣọ́ra gidi. Ohun àdánidá kò ní ká má bẹ̀rù.

Ṣé o mọ ìdí tí òógùn fi ń bo ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí kì í sì í bò ó lórí òmíràn?

Ara ń làágùn lóru, a mọ̀ ọ́n a kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí òógùn náà bá rí lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gbé òwú tó gbẹ dáadáa, 100 gíráàmù, sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù níwọ̀n, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100, òwú náà á fa omi tó nǹkan bí gíráàmù 8 látinú afẹ́fẹ́ láìtutù lọ́wọ́. Irun àgùntàn á fa nǹkan bí gíráàmù 16. Polyester, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ aṣọ ibùsùn olówó pọ́ọ́kú, kò ní ju 0.4 lọ. Òwú ń gba òógùn lára ẹni, ó sì ń fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Polyester á jẹ́ kó dúró sí àárín ara àti aṣọ. Lóṣù kẹta, nígbà tí ooru Adó kò ní kí onílé má tú aṣọ, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé.

Àbùkù òwú ni pé ó ń pọ̀ jọ, ó ń le. Ibi tí ìdí máa ń wà á jìn, àárín á di àfonífojì. Ojútùú rẹ̀ kì í ṣe kí a jù ú nù: a ó tú àpò rẹ̀, a ó gbọn òwú náà sílẹ̀ padà, a ó sì rọ ọ́ sínú àpò. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Àwọn ìyá Èkìtì tó ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró mọ òwú gbígbọ̀n dáadáa, ọgbọ́n yẹn kan náà ló ń sọ ibùsùn òwú di ọ̀tun.

Ṣé o mọ ìdí tí kò fi sí ibùsùn irun àgùntàn ní Èkìtì, bí àgùntàn ti pọ̀ tó?

Àgùntàn ilẹ̀ wa kì í hu irun rírọ̀ tí wọ́n ń rẹ́. Irun kúkúrú bí ti ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀, nítorí ooru. Ti àwọn àgùntàn ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ń kì sínú ibùsùn. Irun yẹn gbayì nítorí pé kì í tètè gbiná: bí wọ́n bá mú iná kúrò lára rẹ̀, ó sábà máa ń kú fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń dànù lẹ́yìn ilé ìlọrẹsì lè di ìrọ̀rí?

Ìgbẹmọ-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìfẹ́lódùn, lókìkí fún ìrẹsì. Eèpo rẹ̀ á wọ́ jọ bí òkìtì lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n á sun ún. Ní Japan, wọ́n máa ń rọ eèpo ìrẹsì sínú ìrọ̀rí. Eèpo ọkà mìíràn tí wọ́n ń pè ní soba ni wọ́n tún fẹ́ràn jù. Orí á rí ibi jókòó sí, nítorí eèpo ń yí síbi tí ọrùn bá fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Eèpo ìrẹsì kì í tètè jẹrà: bí a bá sun ún, eérú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, silica tó wà nínú yanrìn ló sì pọ̀ jù nínú eérú náà. Kí ó gbẹ táútáú, kí a fẹ́ ẹ kí eruku rẹ̀ jáde, kí aṣọ àpò rẹ̀ sì fún: ohun tó ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé igi ìrè ilẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́rọ̀ rí?

Kí rọ́bà tó wá láti òkèèrè, igi ìrè ni wọ́n ń kọ lára kí oje funfun lè máa ṣàn. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù. Ojúkòkòrò ló ba ọjà náà jẹ́: wọ́n kọ igi lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi kú, láàárín ọdún díẹ̀ ọjà wó lulẹ̀. Òwú dídán tó wà lára kóró ìrè pàápàá ni wọ́n ń kì sínú tìmùtìmù.

Igi rọ́bà tó gbapò rẹ̀ wá láti Brazil. Ní 1876, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Wickham kó nǹkan bí 70,000 kóró rẹ̀ lọ sí ọgbà Kew ní London, láti ibẹ̀ ló ti dé Éṣíà. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà láti po oje rọ́bà títí yóò fi hó, kí wọ́n tó sè é kó dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìpo-ẹyin ilé ìdáná ni ẹni tó ṣe é fi dán an wò. Báyìí ni ibùsùn rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀: ó ń tì padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń pẹ́, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún bí rọ́bà bá kàn án, kí ó má dán an wò.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tí a ń sùn lé kò tíì pé 100 ọdún láyé?

Ní Leverkusen ní Jámánì, ní 1937, ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, láti ara èròjà tó ń wá látinú epo rọ̀bì. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Vitafoam bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962. Ká má purọ́, fọ́ọ̀mù ṣe oore: ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò gani lára, kò béèrè kí ẹnikẹ́ni gbọn òwú. Ṣùgbọ́n ooru ara ń há sínú rẹ̀, kì í jẹrà bí a bá jù ú nù, bí ó bá sì gbiná, èéfín rẹ̀ ní oró tó ń pani. Òwú tó gbó, oko ló ń lọ, ó sì di ilẹ̀dú.

Ṣé o mọ̀ pé ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín bá ẹní tan?

Igi ewé eéran jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń hun ẹní nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn Afíríkà: wọ́n á là á, wọ́n á sá a, wọ́n á hun ún. Ògòtún-Èkìtì lókìkí fún iṣẹ́ ẹní jákèjádò ilẹ̀ wa. Èso igi yìí kan náà ní adùn kan tó ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. Bí fọ́ọ̀mù bá ń mú ooru, tẹ́ ẹní lé e lórí kí o tó tẹ́ aṣọ. Afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà gbà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ, láì ná owó ibùsùn tuntun.

Ṣé o mọ̀ pé ewé ẹ̀wà lè mú ìdun?

Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Bulgaria àti Serbia, wọ́n máa ń da ewé ẹ̀wà kan sílẹ̀ yí ibùsùn ká lálẹ́, wọ́n á gbá a jọ pẹ̀lú ìdun tó há sí i lówùúrọ̀, wọ́n á sì sun ún. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wò ó: irun wẹ́wẹ́ orí ewé náà tẹ̀ bí ìwọ̀, ó ń gún ẹsẹ̀ ìdun já. Wọ́n gbìyànjú láti fi ọ̀rá ṣe irú rẹ̀, kò mú ìdun bí ti ewé.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ tó bo ìrọ̀rí ṣe pàtàkì tó ohun inú rẹ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ fún àwọn oníkọ́ fée pé kí wọ́n sá fún ìrọ̀rí ìyẹ́. Ní 1996, àwọn onímọ̀ láti New Zealand wọn èérí kòkòrò inú eruku nínú ìrọ̀rí ìyẹ́ àti ti polyester. Ti polyester ló pọ̀ jù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé aṣọ ìrọ̀rí ìyẹ́ gbọ́dọ̀ fún kí ìyẹ́ má baà yọ jáde, ó sì ń ṣòro fún kòkòrò náà láti wọ inú rẹ̀. Aṣọ híhun tó fún la ó wá.

Ṣé o mọ̀ pé ibùsùn tó le bí pákó kọ́ ni oògùn ẹ̀yìn dídùn?

Ní 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn ṣe. Apá kan sùn lórí ibùsùn tó le, apá kejì lórí èyí tó wà ní ìwọ̀ntunwọ̀nsì. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ara tu àwọn tó lo ti ìwọ̀ntunwọ̀nsì ju àwọn yòókù lọ. Ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, dùbúlẹ̀ lé e ní ṣọ́ọ̀bù kí o tó sanwó. Ọlọ́jà tó fẹ́ tajà kò ní bínú.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ara bẹ́ẹ̀dì lè sọ ọ̀rọ̀ kan, kí inú rẹ̀ sọ òmíràn?

Wọ́n lè kọ "latex", ìyẹn oje rọ́bà, sára rẹ̀ kí ó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ti igi, tàbí kí òwú jẹ́ ìpele kan péré lókè fọ́ọ̀mù. Bí ṣíìpù bá wà lára rẹ̀, ní kí wọ́n ṣí i. Béèrè iye tó jẹ́ ti igi nínú 100, béèrè bí yóò ṣe ṣeé tú, béèrè bí yóò ṣe ṣeé sá.

Bí owó ibùsùn òwú kò bá tíì sí, ìrọ̀rí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Wá òwú tí kóró ti jáde lára rẹ̀, ní kí aránṣọ bá ọ rán àpò aṣọ tó fún, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìrán títí tí o ó fi rọ òwú náà sínú rẹ̀ dé ibi tí ọrùn rẹ fẹ́. Máa sá a sí oòrùn déédéé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa lù ú kó lè wú padà. Nígbà òjò, má jẹ́ kí ó kan ògiri tó ń fa omi. Bí ó bá ti bá ọ lára mu, ìgbà yẹn ni kí o wá ro ti ibùsùn.